Àpò Tí Kò Gba Atẹ́gùn: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan láti Abúlé Ìgbómìnà

Ní abúlé kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, lẹ́yìn títì tó ti Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán, àwọn tó ń gbin ẹ̀wà náà ni wọ́n tún ń lọ ra ẹ̀wà lọ́jà. Bí oṣù Kọkànlá bá dé, wọ́n á ká ẹ̀wà wọn, wọ́n á sì tà á fún àwọn tó gbé ọkọ̀ wá láti Ìlọrin, ní iye tí àwọn yẹn bá fẹnu sọ. Bó bá wá di oṣù Karùn-ún, tí òjò ti ń rọ̀, tí ẹ̀wà ti wọ́n gógó, àwọn ìyá kan náà á gba ọjà Àjàṣẹ́-Ìpo lọ, wọ́n á fi owó ńlá ra kóńgò ẹ̀wà tí ọmọ wọn máa jẹ. Bó ṣe rí nìyẹn kí yunifásítì tó dá sí i.

N kò ní í dárúkọ abúlé náà, n kò sì ní í dárúkọ yunifásítì ọ̀hún, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì wà, wọ́n sì ṣì ń bá ara wọn ṣe. Ìmúgbòòrò iṣẹ́ àgbẹ̀, ìyẹn gbígbé ìmọ̀ ìwádìí lọ bá àwọn àgbẹ̀, ni iṣẹ́ mi, púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ ló sì ṣojú mi. Mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fara balẹ̀ wò ó, torí pé ìmọ̀ tí abúlé yìí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún kìíní tí wọn kò lò, òun náà ni wọ́n fi owó ara wọn rà lọ́dún kẹta. Ohun tó yí padà láàrin ọdún méjèèjì ni ẹni tí a bá sọ̀rọ̀, àsìkò tí a bá a sọ ọ́, àti bí ojú rẹ̀ ṣe rí i.

Kí ló dé tí wọn kò lè pa ẹ̀wà mọ́? Inú oko ni kòkòrò ti ń bá ẹ̀wà wálé. Abo rẹ̀ á yé ẹyin sára èèpo ẹ̀wà nígbà tó bá ń gbẹ lóko, nígbà tí wọ́n bá sì ti lù ú tán tí wọ́n rọ ọ́ sínú àpò, á tún máa yé e sára hóró. Ọmọ tó bá pa á gbẹ́ hóró wọlé, ibẹ̀ ni á ti máa jẹun títí á fi dàgbà, lẹ́yìn náà á lu ihò róbótó jáde. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ, abo kan sì lè yé ẹyin tó tó 100. Ìwọ̀nba kòkòrò tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ní oṣù Kọkànlá ló ń di òbítíbitì kí oṣù Kejì tó parí. Ìyẹ̀fun á máa jábọ́ nídìí àpò, hóró tí kò lu á sì ṣọ̀wọ́n.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n tiwọn: ata gbígbẹ, eérú, ewé dóńgóyárò, àjà orí ìdáná tí èéfín ti ń rú sí oúnjẹ lára. Ọgbọ́n gidi ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀wà kóńgò díẹ̀. Kò lè gbé àpò mẹ́wàá. Nígbà tí oko fẹ̀ sí i, oògùn olómi inú ìgò kékeré ni àwọn ènìyàn sá lọ bá, èyí tí dichlorvos, májèlé apakòkòrò, wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń wọ́n sí ẹ̀wà lórí. Àwọn mìíràn ń di oògùn oníhóró sínú bébà, wọ́n á kì í bọ àárín àpò. NAFDAC ti kígbe lórí oògùn olómi yìí títí. Ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tó bá ti Nàìjíríà wá, torí pé ìyókù dichlorvos tí wọ́n ń bá nínú rẹ̀ ju ohun tí òfin wọn gbà lọ.

Ní abúlé tí mò ń wí, ọ̀rọ̀ náà kan ara. Ìdílé kan se ẹ̀wà lálẹ́, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí inú fi ń run wọ́n, tí àwọn ọmọ ń bì. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé wọn lọ, Ọlọ́run sì yọ wọ́n. Ìyá ilé náà sọ pé òun ti wọ́n oògùn sí ẹ̀wà ọ̀hún ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, pé ṣùgbọ́n òun ṣàn án dáadáa kí òun tó gbé e kaná. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ló mú kí baálẹ̀ rán ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin sí yunifásítì pé kí wọ́n wá gba àwọn.

Wọ́n wá. Oṣù Kẹta ni. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n lò, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Dókítà tó ṣáájú wọn mọ iṣẹ́ rẹ̀, Yorùbá ló sì fi sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé àpò PICS: àpò onípele mẹ́ta, ọ̀rá tó nípọn méjì nínú ara wọn, àpò lásán tó ń bo méjèèjì níta, tí ẹ̀wà bá wọ̀ ọ́, tí wọ́n so ó pa, atẹ́gùn kò ní í rí ọ̀nà wọlé, kòkòrò inú rẹ̀ á sì kú láìsí oògùn. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ọkùnrin jókòó síwájú, wọ́n bèèrè ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání, wọ́n sì pín àpò kọ̀ọ̀kan fún olórí ilé kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn obìnrin wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, wọ́n ń se ìrẹsì àlejò.

Nígbà tí wọ́n padà wá wo àpò náà lẹ́yìn ìkórè tó tẹ̀lé e, ilé méjì péré ló fi ẹ̀wà sí i, wọn kò sì so ó bó ṣe yẹ. Nínú ìyókù, ọ̀rá kan ti di aṣọ òjò ọlọ́kadà, òmíràn wà lórí páànù tó ń jò, ọ̀kan ń bo gààrí. Dókítà kò bínú sí ẹnikẹ́ni, mo sì gbóríyìn fún un fún ìyẹn. Ènìyàn kì í fi àpò pa ẹ̀wà tó ti tà mọ́. Oṣù Kẹta ni wọ́n mú un wá, nígbà tí kò sí ẹ̀wà nílé ẹnikẹ́ni mọ́ àfi ti irúgbìn. Nígbà tí ẹ̀wà sì fi máa dé lóṣù Kọkànlá, ọwọ́ àwọn tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá ló bọ́ sí.

Ìwé ìròyìn tí wọ́n kọ lẹ́yìn ìpàdé gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ mi. Iye ènìyàn tó wá wà níbẹ̀, iye àpò tí wọ́n pín wà níbẹ̀. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀wà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ló tú kókó yẹn. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì wa, ọdún kẹrin sì jẹ́ ọdún iṣẹ́ oko. Àwọn tó yan ẹ̀ka ìmúgbòòrò máa ń lo apá kan nínú ọdún náà láàrin àwọn àgbẹ̀. Kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Láti 1969 ni Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Isoya lẹ́bàá Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi ọmọbìnrin yìí sí abúlé náà, ó sì bọ́ sí àkókò tí wọ́n ń ká ẹ̀wà. Inú agbo ilé ìyá àgbà kan ló dé sí, ẹni tí mo máa pè ní Ìyá Ẹlẹ́wà nítorí òwò rẹ̀. Ọmọ abúlé ń pe ọmọbìnrin náà ní Kọ́pà, torí gbogbo ọ̀dọ́ tó bá ti ìlú wá tó kàwé, Kọ́pà ni lójú wọn.

Kọ́pà kò dárúkọ àpò fún ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó bá wọn ká ẹ̀wà, ó bá wọn lù ú, ó bá wọn fẹ́ ẹ. Ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ ni pé ọkọ ló ń gbé ẹ̀wà wálé, á yọ èyí tó fẹ́ tà, ìyókù á sì bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó. Láti ìgbà náà lọ, ìyàwó ló ń mójú tó o, òun ló ń sá a, òun ló ń ra oògùn sí i, òun ló sì ń pinnu ọjọ́ tí wọ́n máa tà lára rẹ̀. Ó tún rí i pé àwọn obìnrin abúlé kì í ta ẹ̀wà kí wọ́n má kọ́kọ́ bi Ìyá Ẹlẹ́wà léèrè. Ìyá yìí ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ wọn, ó ń ta àkàrà àti ọ̀lẹ̀, ó sì ti bá àwọn ará Ìlọrin dúnàádúrà láti ìgbà tó ti wà ní ìyàwó ilé. Bí kò bá gbà, kò sí ẹni tó máa gbà.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni Kọ́pà wá kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ àpò. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Kọ́pà, kòkòrò ti wà nínú ẹ̀wà yìí kó tó wálé. O wá ní kí n ti olè mọ́ inú ilé pẹ̀lú ẹrù, kí n sì lọ sùn?"

Ọmọbìnrin náà ní, "Màmá, tí olè ọ̀hún kò bá wá rí èémí mí ńkọ́?"

Ìyá ní òun kò tíì rí irú ẹ̀ rí. Kọ́pà ní kí wọ́n jẹ́ káwọn dán an wò nínú yàrá Ìyá fúnra rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn Ìyá. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí ni mo kà sí ìyípadà àkọ́kọ́ nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Tó bá jẹ́ pé ọ́fíìsì yunifásítì ni wọ́n ti dán an wò, abúlé á ní oògùn ìkọ̀kọ̀ kan ni wọ́n fi sí i.

Ẹ̀wà tí kòkòrò ti ń rìn lójú rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lò. Wọ́n pín in sí méjì ọgbọọgba, wọ́n rọ apá kan sínú àpò lásán, wọ́n rọ apá kejì sínú àpò PICS. Kí wọ́n tó rọ ọ́, Kọ́pà fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ó lọ́ ẹnu rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá, ó sì rọra fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí Ìyá lè fi ara mọ̀ bí ihò bá wà tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Lẹ́yìn tí ẹ̀wà wọ inú rẹ̀, wọ́n tẹ orí rẹ̀ kí atẹ́gùn tó kù lè jáde, wọ́n lọ́ ọrùn ọ̀rá tinú ṣinṣin, wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ so ó. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rá kejì, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àpò ìta. Orí pákó ni wọ́n gbé méjèèjì lé, wọn kò jẹ́ kó kan ògiri, nítorí eku.

Ìyá Ẹlẹ́wà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun máa ń dìde lóru lọ fetí lé àpò méjèèjì. Nínú ti àkọ́kọ́, òun ń gbọ́ bí nǹkan ṣe ń rún wúruwùru. Nínú ti kejì, láàrin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òun kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Kò sọ fún Kọ́pà. Ó ní òun fẹ́ fi ojú rí i ná.

Oṣù Kẹrin ni wọ́n tú u, ní àgbàlá baálẹ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí Dókítà ní kí àwọn obìnrin jókòó síwájú, òun fúnra rẹ̀ kò sì sọ ju ìkíni lọ. Ìyá Ẹlẹ́wà ló tú àpò méjèèjì. Ó da ti àpò lásán sórí atẹ: ìyẹ̀fun rú, kòkòrò fọ́n ká, hóró lu bí asẹ́. Ó tú ti kejì, ó bu ọwọ́ kan, ó gbé e sókè sójú oòrùn. Àwọn ihò tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà, òmíràn kò kún un. Òkú kòkòrò ń jábọ́ láàrin ìka rẹ̀. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ké pé irú oògùn wo ni wọ́n fi sí i. Ìyá yíjú sí i: "Oògùn kankan kò sí i. Yàrá mi ló wà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rèé." Ó fà á yọ lọ́rùn fún gbogbo ènìyàn rí.

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Wọ́n se nínú ẹ̀wà náà lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọdé jẹ ẹ́, àgbà jẹ ẹ́. Ìyàwó kan bu díẹ̀ lọ gbìn sí ẹ̀yìnkùlé láti mọ̀ bóyá ó ṣì lè hù, ó sì hù.

Ìgbà yìí ni Dókítà wá ṣàlàyé, torí pé àwọn gan-an ló ń bi í. Ó ní àwọn kòkòrò náà ló ń fi èémí ara wọn gba ọ́síjìn inú àpò tán. Bó bá ti dín kù, wọn kò ní lè jẹun mọ́. Kòkòrò yìí kì í mu omi. Ara rẹ̀ ló ń fi oúnjẹ àti ọ́síjìn ṣe omi tó ń lò. Tí kò bá sí ọ́síjìn, kò sí omi, òùngbẹ ni á sì gbẹ ẹ́ pa. Àwọn obìnrin pariwo nígbà tí wọ́n gbọ́ ìyẹn. Ó tún sọ ibi tí àpò náà ti wá: pé ní ìparí àwọn ọdún 1980, Larry Murdock, onímọ̀ kòkòrò ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, àti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Kamẹrúùnù, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojútùú sí ẹ̀wà tó ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Kamẹrúùnù, tí ètò ńlá láti tàn án ká ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Purdue wà lára àwọn yunifásítì tí òfin 1862 bí ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n fún ní ilẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́. Òfin 1914 ló wá fi owó ìjọba ṣètò kí irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ máa gbé ìmọ̀ rẹ̀ lọ bá àwọn tí kò lè wọ kíláàsì. Baálẹ̀ gbọ́ ìyẹn, ó ní, "Ó yẹ kí tiwa náà ní irú òfin yẹn." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Ibi tí ìròyìn mìíràn á ti parí nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni èyí tó le jù ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí àgbàdo àkọ́rọ̀ gbó lóṣù Kẹjọ, àwọn ilé mẹ́fà kan sọ pé bí àpò bá lè pa ẹ̀wà mọ́, á lè pa àgbàdo mọ́. Òtítọ́ ni, ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, oòrùn kò ràn tó, wọ́n sì rọ àgbàdo tí kò gbẹ sínú ọ̀rá. Kọ́pà ti padà sílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọ́n fi tú u, èébu ti bò ó, òórùn rẹ̀ kò ṣeé gbọ́. Láàrin ọjọ́ méjì, gbogbo abúlé ti ń sọ pé àpò yunifásítì ti ba oúnjẹ jẹ́. Àwọn ọkọ tó ti gbà kí ìyàwó wọn fi ẹ̀wà pamọ́ ní kí wọ́n tà á nígbà ìkórè tó ń bọ̀, kí gbogbo ènìyàn sinmi.

Dókítà wá fúnra rẹ̀, kò rán ọmọ iṣẹ́. Ó lọ sí ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó pe ìpàdé kankan, ó sì bá wọn kẹ́dùn. Kò sọ pé "mo ti sọ fún yín", torí kò tíì sí ẹni tó sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà nìkan ni wọ́n ti ń sọ, oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ sì ti ń gbẹ ẹ̀wà kó tó wọlé. Ó wá sọ ọ́ kedere pé àpò kì í gbẹ nǹkan: bí oúnjẹ bá ṣe wọlé ni á ṣe wà, bó bá sì wọlé ní tútù, omi inú rẹ̀ kò rí ibi gbà jáde.

Bàbá kan fẹ́ kó àgbàdo tó bu náà fún adìyẹ rẹ̀. Dókítà bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe é. Ó sọ fún un pé ní 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó ń pa wọ́n, àfi ìgbà tí wọ́n tọpa rẹ̀ dé inú ẹ̀pà tó bu tí wọ́n lọ̀ mọ́ oúnjẹ wọn. Ibẹ̀ ni ayé ti mọ májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tí ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn àti ẹran jẹ́, tí sísè kì í sì í pa. Ọ̀rọ̀ náà wọ bàbá létí. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì sin àgbàdo náà. Ó dùn wọ́n, ó sì dun èmi náà.

Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìgò àti iyọ̀ jáde. Ìgò tó gbẹ, tó ní ìdérí, ni. Wọ́n da hóró àgbàdo sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta, wọ́n bu iyọ̀ gbígbẹ ṣíbí mélòó kan sí i, wọ́n dé e, wọ́n mì í fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n gbé e kalẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo náà ju nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 lọ, kò tíì tó wọ àpò. Bí iyọ̀ bá ń yọ̀ lára ìgò láìlẹ̀, ó ti sún mọ́ ọn. Ìyá Ẹlẹ́wà bu àgbàdo kan sẹ́nu, ó fi eyín gé e, ó ní ó ti gbẹ. Wọ́n mi ìgò: iyọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn bámúbámú. Ìyá wò ó títí. Ó wá ní kí wọ́n gbé ìgò náà fún òun, òun á máa fi eyín wò ó kọ́kọ́, òun á sì fi iyọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ tó sọ yìí ló dá ìgbàgbọ́ padà sí àpò náà, ju gbogbo àlàyé wa lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Níbo ni wọ́n ti máa rà á? Yunifásítì kò lè máa pín àpò títí ayé, kò sì yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n pín lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún kìíní ló di aṣọ òjò. Ìlọrin ni àpò wà, owó ọkọ̀ lọ-bọ̀ sì pọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ méjì. Àwọn obìnrin ní èésú tí wọ́n ń dá tẹ́lẹ̀. Wọ́n pinnu pé kí ẹni tó bá kàn lóṣù Kẹsàn-án gba owó rẹ̀ lẹ́yìn, kí wọ́n fi ti oṣù náà kó àpò wá lápapọ̀, kí oníkálukú sì san owó tirẹ̀ bó ṣe ń gba ẹrù. Kò sí èlé nínú rẹ̀, ó sì rọrùn fún Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Iṣẹ́ tí yunifásítì ṣe níbi èyí kò ju kí wọ́n bá wọn wá ẹni tó ń ta ojúlówó rẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ obìnrin méjì bí wọ́n ṣe ń yẹ ọ̀rá wò kí wọ́n tó sanwó.

Lọ́dún kẹta, ẹ̀wà kún yàrá títí di oṣù Kẹfà. Mo rí ìyá kan tó tú àpò kan ní àsìkò owó ìdánwò WAEC ọmọ rẹ̀, tó ta á, tó sì san án pé láìyá kọ́bọ̀. Àwọn ará Ìlọrin tó ń fẹnu sọ iye tẹ́lẹ̀ wá ń bèèrè iye. Baálẹ̀ kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ́n oògùn olómi sí oúnjẹ mọ́ lábúlé náà, ó sì ṣeé ṣe fún un láti kéde bẹ́ẹ̀ nítorí pé ohun mìíràn ti wà tí wọ́n lè lò.

Kò rọgbọ níbi gbogbo. Bí ẹ̀wà ṣe ń pẹ́ nílé, tó sì ń níye lórí sí i, ni àwọn ọkọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo àpò tí wọn kì í bìkítà fún tẹ́lẹ̀. Ọkọ kan tú àpò ìyàwó rẹ̀, ó sì tà á. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú baálẹ̀. Àwọn obìnrin ló wá dá ọgbọ́n kan: oníkálukú ń so àkísà aṣọ tirẹ̀ mọ́ ọrùn àpò, tí gbogbo ilé bá ti mọ aṣọ náà, ó sì ń ta kókó iye oṣù tó fẹ́ kó pẹ́ sí i lára. Àpò tí kókó rẹ̀ kò tíì pé, tí ẹnì kan tú, ojú gbogbo abúlé ni á ti tú u. Dókítà ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà yìí báyìí, ó sì ń sọ fún wọn pé abúlé ló kọ́ òun.

Fún àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo rò pé ohun tó ṣe kókó jù ni kí a mọ ọwọ́ tí oúnjẹ wà kí a tó lọ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó rọrùn láti pe olórí ilé, torí òun ló máa kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Kí á kí i, kí á bọ̀wọ̀ fún un, kí á sì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ẹni tó ń bá a tọ́jú irè oko. Àwọn tó ń se ìrẹsì lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni ìpàdé wà fún.

Kàlẹ́ńdà ilé ẹ̀kọ́ kì í bá kàlẹ́ńdà oko mu. Nínú ẹ̀ka tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti yí àsìkò tí wọ́n ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin jáde kí wọ́n lè bá ìkórè ẹ̀wà. Ó le fún àwọn alákòóso, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Mo tún rò pé a kò gbọdọ̀ fi ohun kan lé àgbẹ̀ lọ́wọ́ láìsọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ká ní wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ gbígbẹ ní oṣù Kẹrin, nígbà tí gbogbo abúlé ń hó ìhó ayọ̀, àgbàdo ilé mẹ́fà kì bá tí bàjẹ́. Nígbà tó sì bàjẹ́, wíwá tí Dókítà wá fúnra rẹ̀ ló gba iṣẹ́ náà là. Olùkọ́ tó bá ń fara hàn nígbà ayọ̀ nìkan, àgbẹ̀ kò ní í gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó lè ràn wá lọ́wọ́ kò jìnnà rárá. Olú ilé-iṣẹ́ NSPRI, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwádìí lórí ìfipamọ́ irè oko, wà ní Ìlọrin. NCAM, ti ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Ìdófìàn. ARMTI, tó ń kọ́ni ní ìṣàkóso iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ti ìgbèríko, wà lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo. Bí obìnrin kan ní abúlé Ìgbómìnà kò bá mọ ọ̀nà ibẹ̀, àwa tó mọ̀ ọ́n ló yẹ kí a mú un lọ.

Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n kọ́ ló ń ṣe àyẹ̀wò iyọ̀ fún gbogbo abúlé báyìí, wọ́n sì ń gba kóńgò kan lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Àwọn abúlé méjì ìtòsí ti ń ránṣẹ́ pè wọ́n. Àgbàdo oṣù Kẹjọ ni kò tíì yanjú, torí òjò kò ní í dáwọ́ dúró nítorí ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ èésú náà ti kọ̀wé pé àwọn fẹ́ ibi ìgbẹ-nǹkan kan tó máa lè gbẹ àgbàdo nígbà òjò, pé àwọn á dá ìdajì owó rẹ̀, pé ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ ọ sí ti wà, baálẹ̀ ló fi í sílẹ̀. Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì Dókítà, èmi àti òun sì ti jọ fi ọjọ́ tí a máa gbé e lọ sí Ìdófìàn sí.